Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ Inú Fọ́tò

Mo búra, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kan pò ó, kí n má rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọ̀nà tí ó kù fún mi láti rìn. Mo ti gba ìlú náà kọjá. Mo rí kòtò amọ̀ náà, mo sì rí ọkùnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Nítorí náà, má wulẹ̀ bi mí bóyá àlọ́ ni. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kí o gbọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń ya fọ́tò ní ìlú kékeré kan tí odò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì. Ó ta aṣọ búlúù sára ògiri, ó gbé àga kan ṣoṣo síwájú aṣọ náà. Nígbà kan, kò sí ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú tí wọn kì í pè é sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olúkúlùkù ti ra fóònù tó ń ya fọ́tò, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù nìkan ló ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀, onítọ̀hún á sì jókòó bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ àga. Ó dùn ún gan-an. Kì í ṣe ebi ló ń dùn ún, nítorí àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó ń la ọjà kọjá láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀.

Amọ̀kòkò ni àbúrò ìyá rẹ̀ yìí. Ọkùnrin náà ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, obìnrin yìí ló gbà á tọ́. Kò bí ọmọ tirẹ̀. Ìyá Amọ̀kòkò ni gbogbo ìlú ń pè é, ọkùnrin náà sì ń pè é ní Ìyá. Abẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò ni ọkùnrin náà ti kọ́ ìrìn. Kí ó tó mọ ìwé ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ amọ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní bó ṣe ń fín ara ìkòkò tirẹ̀. Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ti họ hóró rẹ̀ tán ni Ìyá Amọ̀kòkò ń lò. Yóò yí i lọ lára amọ̀ tútù, yóò tún yí i padà sọdá ojú ibi tó kọ́kọ́ gbà, ara ìkòkò á wá rí bí àwọ̀n apẹja. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wá ra ìkòkò láti ọ̀nà jíjìn, àmì yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó nawọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹsẹ̀ kankan kò tẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà bu amọ̀ díẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, ó gbé e lọ. Kò ní nǹkan kan lọ́kàn ju kí ọwọ́ òun má dilẹ̀ lọ. Ó mọ ẹranko kan tí kò sí láyé. Ara rẹ̀ dà bí ti ọ̀nì, orí rẹ̀ dà bí ti òbúkọ tí inú ń bí. Ó fi egungun ẹja ṣe eyín, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ṣe ojú. Nígbà tó ku kí ó fi ìpẹ́ sí i lára, ó nawọ́ mú ṣùkù àgbàdo, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Kò ronú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ó wá fi epo pupa pa á lára kí ó lè máa dán bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Nígbà tó parí rẹ̀, kò ga ju ológbò lọ.

Ó gbé e sórí tábìlì, ó yà á níwájú aṣọ búlúù. Ó ti ní fọ́tò kòtò etí odò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń wa amọ̀. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó gé aṣọ búlúù kúrò lẹ́yìn ẹranko náà, ó fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tó màlúù, ó gbé e dúró sẹ́yìn kòtò. Ó fi òjìji sábẹ́ rẹ̀, ó fi àwòrán rẹ̀ sójú omi, ó fi koríko bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kí ó lè dà bíi pé ó ń rìn bọ̀. Jẹ́ kí n sọ òótọ́, iṣẹ́ náà dára. Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ìlú lórí Wasáàpù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun tí kámẹ́rà òun rí létí odò nìyí, kí oníkálukú ṣọ́ra. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á sọ fún wọn pé eré ni.

Ilẹ̀ mọ́, èrò sì ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tí kì í kí i mọ́ ń kí i. Olórí ọdẹ jókòó sórí àga iwájú aṣọ búlúù, ó ní kí ó sọ bó ṣe rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alága àwọn ọ̀dọ́ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ó sì pè é ní Ojú Ìlú. Ọkùnrin náà la ẹnu láti sọ pé eré ni. Ó wo ojú wọn. Ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé ìrù rẹ̀ gùn tó ọ̀pẹ tó ṣubú. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó ń ṣe iṣẹ́ télọ̀, òun ló béèrè jẹ́jẹ́ bóyá kì í ṣe ọgbọ́n kọ̀ǹpútà. Ojú Ìlú wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bùrọ̀dá Télọ̀, ẹnu èèyàn ló ń purọ́," ni ó wí. "Kámẹ́rà kì í purọ́."

Wọ́n fi télọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ń rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ohun tó tọ́. Wọ́n ní bóyá ẹranko náà fẹ́ wá dá ṣòkòtò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí òmíràn. Ó ṣe òmíràn. Ó gbé ẹranko náà sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó gbé e sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹni kan, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ lẹ́yìn ògiri ilé ìwẹ̀. Bí ó bá ti ṣe ọ̀kan, èrò á tún kún. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò kò lọ sí kòtò mọ́, abẹ́ àtíbàbà sì dákẹ́. Ìyá Amọ̀kòkò nìkan ló ń gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ sétí odò, tó ń wa amọ̀, tó sì ń padà bọ̀ bí ó ti ń ṣe látẹ̀yìnwá.

Obìnrin náà kò ní fóònù. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló fi fọ́tò náà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan títí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ fi lọ.

"Àjàdí," ni ó wí, nítorí oríkì ni ó fi ń pè é. "Ìrù ẹranko rẹ ti ń sán. O ò po amọ̀ yẹn dáadáa."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé obìnrin náà á bá òun rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní kí ó lọ sọ fún wọn lónìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ṣe àwàdà. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ìpàdé ọmọ ìlú kọjá, wọ́n fẹ́ pe òun síwájú níbẹ̀, wọ́n ti fi orúkọ òun sí i. Obìnrin náà ní òun kò ní dójú tì í ní ìlú tí òun ti tọ́ ọ dàgbà, ọ̀rọ̀ náà kò ní ti ẹnu òun jáde. Bó ti fẹ́ máa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo kọ́ ọ ní amọ̀," ni ó wí. "N kò kọ́ ọ ní èyí."

Ọkùnrin náà ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Ìgbà tí ọ̀la dé, ó tún ní lọ́la.

Níbi tó ti ń fònídónìí fọ̀ladọ́la ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin amọ̀kòkò ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà, iṣẹ́ kò sí, ó ń fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú fóònù. Ó fẹ̀ ẹ́ títí ara ẹranko náà fi kún ojú fóònù. Ó rí i pé ó dà bí àwọ̀n apẹja. Ó pe àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ orúkọ ẹni tó ni àmì náà.

Ìwọ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Bí ọgbọ́n bá wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parí. Àmì ìkòkò ló wà lára ẹranko, ó yẹ kí wọ́n sọ pé amọ̀ ni ẹranko náà, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n wá lu ọkùnrin náà díẹ̀, kí oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rí i tó màlúù. Wọ́n ti ń bẹ̀rù rẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ yìí, wọn kò fẹ́ kí ìbẹ̀rù náà jẹ́ lásán. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Ìyá Amọ̀kòkò ló ni ín, pé ó fi àmì sí i lára bí darandaran ṣe ń fi àmì sára màlúù rẹ̀. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí kì í fi í bẹ̀rù àtilọ sí kòtò. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí kò fi bímọ.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Wọ́n fún ọkùnrin náà ní àga láàárín àwọn àgbà nítorí pé òun ni Ojú Ìlú, obìnrin náà sì kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé fóònù síwájú rẹ̀, wọ́n bi í bóyá àmì rẹ̀ nìyẹn. Ó ní àmì òun ni. Wọ́n ní, ìyẹn ni pé ìwọ lo ni ẹranko yìí.

"Ẹ bi ẹni tó ya fọ́tò," ni ó wí.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n òun. Ó gbé ojú sókè, ó sì rí télọ̀ náà tó fara ti òpó lẹ́yìn. Ó rò bí télọ̀ náà ṣe máa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan ni. Kì í ṣe ikú, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rín ẹnì kan ló pa á lẹ́nu mọ́.

"Èmi kò mọ ẹni tó ni ín," ni ó wí. "Kámẹ́rà ló rí i."

Ìyá Amọ̀kòkò wò ó, ó sì gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan amọ̀ ìlú mọ́. Kí ó tó délé, àwọn ọ̀dọ́ ti fọ́ gbogbo ìkòkò tó sá sóòrùn, títí kan àmù ńlá tí ẹnì kan ti bẹ̀ ẹ́ ṣe. Ó gbá àfọ́kù wọn jọ sójú kan. Àwọn aládùúgbò kò dá a lóhùn mọ́ bí ó bá kí wọn. Bí ó bá wà nídìí kànga, wọ́n á dúró lókèèrè títí yóò fi pọnmi tán. Àwọn tó ti ra ìkòkò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ń gbé e wá sí oríta, wọ́n ń là á mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí ọkùnrin náà bá wọlé, ó ń bu oúnjẹ fún un. Ọkùnrin náà ń jẹ ẹ́ láìgbójú sókè.

Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ̀rọ̀ iná àti orùlé Ìyá Amọ̀kòkò, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gbé ẹranko amọ̀ náà, ó wé e sínú aṣọ, ó gbé e lọ sí àgbàlá Baálẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ nípa egungun ẹja, ó sọ nípa ìlẹ̀kẹ̀, ó sọ bí ó ṣe fẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Wọ́n yí i ká. Olórí ọdẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kàn án.

"Èyí kéré," ni ó wí. "Èyí tí a rí tó màlúù."

Ọkùnrin náà ní kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di ńlá. Obìnrin kan ní òun fi etí òun gbọ́ tó ń mí lẹ́yìn òun lọ́nà odò. Ẹnì kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ ti sọnù bi í bóyá kọ̀ǹpútà náà ló jẹ ewúrẹ́ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dára. Alága àwọn ọ̀dọ́ wá ń bi í léèrè jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ran ọmọdé lọ́wọ́. Níbo lo ti rí amọ̀? Ó ní lọ́dọ̀ Ìyá. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n? Ó ní Ìyá ni. Àmì ta ló wà lára rẹ̀? Ó ní ti Ìyá.

"Ẹ ti gbọ́," ni alága wí. "Ọmọ ẹranko náà nìyí. Obìnrin yẹn ló gbé e fún un."

Ọkùnrin náà pariwo pé irọ́ ni fọ́tò náà, pé fọ́tò lè purọ́. Alága ní òun rántí ẹni tó kọ́ àwọn pé ẹnu èèyàn ló ń purọ́. Ọkùnrin náà wá wo télọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ fi hàn pé ó gba òun gbọ́. Télọ̀ náà mi orí. Ó ti ní tirẹ̀ nínú yẹ̀yẹ́ ìlú náà, kò fẹ́ òmíràn. Ó yí padà, ó lọ ilé.

Wọ́n sọ òkúta lu ẹranko náà títí ó fi fọ́, gbogbo wọn sì sá sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan àfọ́kù rẹ̀. Wọ́n ní kí òòrùn má wọ̀ bá Ìyá Amọ̀kòkò nínú ìlú. Ìjẹ́wọ́ tí ọmọ rẹ̀ gbé wá láti fi gbà á là ni wọ́n fi lé e.

Ọkùnrin náà ru ẹrù obìnrin náà dé ojú títì. Ọkọ̀ tó dúró ń lọ sí ìlú kan tó jìnnà, níbi tí ọmọ orogún rẹ̀ kan ń gbé. Obìnrin náà wọlé, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ń retí kí ó ṣépè fún òun, kí ó tilẹ̀ tutọ́ sí òun lára. Obìnrin náà wò ó bí a ṣe ń wo ọmọ tó ti oko dé. Ó sọ ohun kan, ọkọ̀ sì gbéra. Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ tán lọ́dún náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ìlú yẹn pé ó ti kú. Ohun tó sọ lójú títì náà ni ó sọ kẹ́yìn fún un. Ó ní, "Padà sílé, Àjàdí. Ọbẹ̀ wà nínú ìṣasùn."

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé obìnrin náà lọ, ọkùnrin náà padà sílé. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìṣasùn wà lórí ààrò, ó ṣì gbóná, obìnrin náà ti sè é nígbà tí wọ́n ń sọ òkúta ní àgbàlá Baálẹ̀. Ọkùnrin náà kò tíì jẹun láti àná. Ó ṣí i, òórùn rẹ̀ kún yàrá, ó bu díẹ̀ láti jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó ń rò ó pé kí ló dé tí obìnrin náà fi se ọbẹ̀ fún ẹni tó ṣe irú èyí fún òun. Ó rántí ohun tí wọ́n ń sọ nídìí kànga, pé àjẹ́ ni obìnrin náà, kí ẹnikẹ́ni má jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Òun ló fi amọ̀ mọ ẹranko náà. Òun ló fi epo pa á lára, òun ló gbé e sẹ́yìn kòtò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ jù ú lọ pé irọ́ ni. Ẹ̀rù bà á. Ó gbé ìṣasùn náà jáde, ó dà á nù sẹ́yìn ilé. Àwọn ajá wá, wọ́n lá gbogbo rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Ìwọ náà ti sọ fún mi pé eré ni ohun tí o fi ránṣẹ́ yẹn, pé o máa ṣàlàyé fún wọn tí ariwo rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Lọ ṣàlàyé rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe pé mo ń fi Ọlọ́run dẹ́rù bà ọ́. Mo ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpùrọ́ ní ibùdókọ̀ púpọ̀, wọ́n ń hanrun bí èèyàn gidi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà ọ́ gbọ́, o sì ti lò ó sórí irọ́. Bí o bá dúró pẹ́, ìwọ fúnra rẹ á dara pọ̀ mọ́ àwọn tí o tàn jẹ, o kò sì ní mọ ìgbà tí o wọ àárín wọn. Má sọ fún mi pé o gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà gbọ́n.

Ìlú mìíràn ló wà báyìí, ó ń ya fọ́tò pélébé. Mo bi í bóyá ohùn àwọn tó ń sọ òkúta ló ṣì ń gbọ́. Ó ní rárá. Ó ní ohun tí obìnrin náà sọ kẹ́yìn nìkan ni.

Padà sílé, Àjàdí. Ọbẹ̀ wà nínú ìṣasùn.